Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Ìjì Kó Tó Dé Ọ̀dọ̀ Wa

 

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 2024, púpọ̀ nínú wa pé jọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Houston níbí. Òpin ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ òmìnira Amẹ́ríkà ni. Ìrẹsì wà, ẹran wà, ìlù ń dún. Ẹnì kan bá béèrè pé, "Ìjì tí wọ́n ń pè ní Beryl yìí ńkọ́?" Bàbá kan láàárín wa dáhùn kíá: "Mẹ́síkò ló ń lọ. Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́rú." Gbogbo wa ní ẹ ṣeun, sà, a padà sórí oúnjẹ wa.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, igi ti wó dí ọ̀nà, òrùlé àwọn kan ti ṣí, iná ti lọ káàkiri ìlú. Ẹran tó ṣẹ́ kù nínú firísà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìyá àgbà kan tó wá ṣe ọlọ́mọ láti Abẹ́òkúta jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ṣé Amẹ́ríkà náà nìyí?"

Bàbá wa kò parọ́ o. Ohun tó rí lọ́jọ́rú ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́rú ló fi dáhùn ìbéèrè ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ fi ojú ìwé yìí ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọpasẹ̀ ìjì, ohun tí máàpù tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ń sọ, àti ohun tí kò sọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó tì yín bí ẹ bá ń kà á.

ÌJÌ TÓ TI Ọ̀NÀ ILÉ WÁ

Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí síbí, ó lè yà yín lẹ́nu: púpọ̀ nínú àwọn ìjì tó le jù nínú òkun Atlantic, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti gbéra. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ máa ń rú bí ìgbì lókè, láti ìhà Sudan àti Chad. Á máa bọ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn, á gba Òkè Ọya, Niger àti Mali kọjá, á dé Senegal, á sì bọ́ sórí òkun. Òjò oníàrá tó ń bá a rìn ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń rí.

Bíi 60 irú ìgbì afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń kúrò ní Áfíríkà lọ́dún kan. Púpọ̀ nínú wọn kì í di nǹkan kan. Nígbà míì, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bá wọn rìn, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wà nínú rẹ̀ á sì fún wọn lọ́rùn. Eruku yìí kan náà ló máa ń sọ ojú ọ̀run Houston di funfun ní oṣù Kẹfà tàbí Keje, tí àwa àgbà fi máa ń sọ pé ó dà bí ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ìgbì náà bá pàdé omi tó gbóná tó ìwọ̀n 80 ní ti Fahrenheit, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì fà á ya, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mu ooru inú òkun bí ẹni mu ẹ̀kọ. Omi á di ooru, á gòkè, á di ìkùukùu àti òjò. Ooru tó tú jáde níbẹ̀ á tún fa afẹ́fẹ́ míì wọlé. Yíyí tí ayé ń yí ló ń mú kí gbogbo rẹ̀ máa pòyì. Bí ọ̀rọ̀ ìjì ṣe rí nìyẹn: iná ìdáná rẹ̀ ni omi gbígbóná. Bó bá bọ́ sórí ilẹ̀, iná ìdáná kú, àárẹ̀ á mú un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tó máìlì 39 ní wákàtí kan, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń dúró di ọjọ́ kẹjọ. Bó bá tó 74, ó di họríkéènì. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ọwọ́ àwọn onílẹ̀ erékùṣù Karíbíà ni àwọn Òyìnbó ti gbà á. Ipele márùn-ún ló wà: ìkẹta bẹ̀rẹ̀ láti máìlì 111, ìkarùn-ún láti 157.

Àwọn ọmọ máa ń bi wá pé ta ló ń sọ wọ́n lórúkọ. Ìwé orúkọ mẹ́fà ló wà tí wọ́n ń lò ní yíyípo, nítorí náà orúkọ kan lè padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Àmọ́ èyí tó bá ṣọṣẹ́ jù, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti yọ Rita, Ike àti Harvey kúrò. Wọ́n ti yọ Beryl náà, Brianna ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

ÀWỌN TÓ Ń ṢỌ́ ỌNÀ

Nígbà kan rí, ojú lásán àti ọgbọ́n orí ni wọ́n fi ń wo ìjì. Ní Havana ní Kúbà, àlùfáà Kátólíìkì kan wà tó ń jẹ́ Benito Viñes, tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Belén. Ó máa ń wo bí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ń rìn lókè, ó sì ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fúyẹ́ sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1875, ó kìlọ̀ ìjì kan fún àwọn èèyàn kó tó dé. Kúbà yìí kan náà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa lẹ́rú lọ. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí ṣì mọ Ọya títí dòní sí ẹni tó ni afẹ́fẹ́.

Ní ọdún 1900, ìjì ńlá kan gba orí Kúbà kọjá. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ibẹ̀ ní ọ̀nà Texas ló ń lọ. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà gbà pé yóò ṣẹ́rí sí ìhà Florida. Wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ará Kúbà rí ọ̀nà gba orí wáyà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án, ìjì náà dé Galveston, ìlú tí kò ju nǹkan bí máìlì 50 lọ sí wa níbí. Òkun bo ìlú mọ́lẹ̀. Àwọn tó kú kò dín ní 6,000, àwọn mìíràn sọ pé wọ́n tó 12,000. Títí di òní, kò sí àjálù ojú ọjọ́ tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ ò rí i pé àsọtẹ́lẹ̀ wà, etí tí yóò gbọ́ ọ ni kò sí.

Lónìí, ìṣọ́ náà ti yàtọ̀. Sátẹ́láìtì ń wo òkun láti òkè, ó sì ń fi àwòrán ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, tọ̀sán tòru. Àwọn ohun èlò kan léfòó lójú omi tí wọ́n ń ka gíga ìgbì àti agbára afẹ́fẹ́. Bí ìjì bá sún mọ́ etíkun, rédà orí ilẹ̀ á máa rí òjò inú rẹ̀.

Èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni ti ọkọ̀ òfuurufú. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú wọ inú ìjì lọ! Texas níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1943, ọ̀gá àwọn awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Joseph Duckworth gbéra láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Bryan, ó wọ inú họríkéènì tó ń bọ̀ wá sí Galveston, ó sì jáde láyọ̀. Lónìí, ọmọ ogun òfuurufú tó wà ní Biloxi ní Mississippi àti àwọn òṣìṣẹ́ NOAA ní Florida ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á la ojú ìjì kọjá, wọ́n á tún padà là á láti ìhà mìíràn. Wọ́n á máa ju ẹ̀rọ kékeré bí ọ̀pá sílẹ̀, tó ní agbòòrùn tirẹ̀ lórí. Bó ṣe ń já bọ̀ wá sí òkun, yóò máa sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, bó ṣe tutù tàbí gbóná tó, àti bó ṣe wúwo tó.

Gbogbo ìròyìn yìí ló ń wọ inú kọ̀ǹpútà ńláńlá. Kọ̀ǹpútà kan kọ́ ni, wọ́n pọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò. Nígbà míì ọ̀rọ̀ wọn á bára mu. Nígbà míì ọ̀kan á ní Mẹ́síkò, òmíràn á ní Louisiana. Àwọn onímọ̀ tó wà ní ibùdó ìjọba ní Miami ló máa wá jókòó, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ gbogbo wọn, wọ́n á sì sọ ibi tó ṣeé ṣe kí ìjì gbà. Títí di ọdún 2002, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń wò síwájú. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń wo ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká fi eléyìí sọ́kàn: kì í ṣe ìran wòlíì. Ìṣirò ni. Ìjì kì í dá ara rẹ̀ tì. Bí ewé ṣe rí lójú odò ló rí: ibi tí afẹ́fẹ́ ńlá òkè bá tì í sí ló ń lọ. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá dẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà ìjì á yí.

ÀWÒRÁN ÌWO

Gbogbo wa la mọ àwòrán funfun tí wọ́n máa ń yà sórí máàpù. Ó tín-ín-rín níbi tí ìjì wà báyìí, ó wá fẹ̀ bó ṣe ń lọ síwájú, bí ìwo màlúù. Ìlà kan sábà máa ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. A ó wo ìlà, a ó wo ilé wa, bí ìlà kò bá kan ilé, a ó ní ó ti bọ́.

Ohun tí ìwo náà ń sọ nìyí: ojú ìjì, ìyẹn àárín rẹ̀ gan-an, ṣeé ṣe kó gba ibí kọjá. Àṣìṣe ọdún márùn-ún tó kọjá ni wọ́n fi wọn fífẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn àṣìṣe náà. Ẹ gbọ́ ná: ìyẹn ni pé bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ojú ìjì lè jáde kúrò nínú ìwo, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni parọ́.

Ìwo kò sọ bí ìjì ṣe tóbi tó. Ojú ìjì lè wà ní ibì kan kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa wó ilé ní ọgọ́rùn-ún máìlì síbẹ̀. Kò sì sọ̀rọ̀ omi rárá, yálà omi òjò tàbí omi òkun. Ipele pàápàá kì í sọ ti omi, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń wọn. Họríkéènì Ike, tó wọ Galveston ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ipele kejì péré ni. Síbẹ̀ ó ti òkun wọ ilẹ̀ Bolivar débi pé omi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20. Ẹni tó sọ pé "ipele kejì lásán" kò mọ ohun tó ń sọ.

BERYL ṢE RÌN

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Beryl. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, lójú òkun Atlantic, ní ìlà oòrùn àwọn erékùṣù Karíbíà. Ìgbì afẹ́fẹ́ láti Áfíríkà ló bí i. Lọ́jọ́ kejì ó di họríkéènì. Lọ́jọ́ kẹta ó dé ipele kẹrin, ohun tí wọn kò rí rí nínú òkun yẹn ní oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ó wó erékùṣù Carriacou ní Grenada palẹ̀. Ilé tó bọ́ níbẹ̀ kò pọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló dé ipele karùn-ún.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù Keje, ó ń fẹ́ kọjá ní gúúsù Jàmáíkà. Máàpù tí bàbá wa rí lọ́jọ́ yẹn, ìhà àríwá Mẹ́síkò, lápá ààlà Texas, ni ìlà rẹ̀ kọjú sí. Houston jìnnà sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, Beryl la ilẹ̀ Mẹ́síkò kọjá nítòsí Tulum, àárẹ̀ mú un, ó bọ́ sínú òkun Gulf. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ńlá tó ń tì í lọ síhà ìwọ̀ oòrùn ti dẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ ní àríwá. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé máàpù tuntun jáde, ìlà náà ń sún sókè: láti ààlà, ó dé Corpus Christi, láti Corpus Christi ó dé Matagorda. Nígbà tí à ń jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìlà ti sún. Kò sí ẹni tó wò ó nínú wa.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ, Beryl wọlẹ̀ nítòsí Matagorda, ó sì forí lé ọ̀dọ̀ wa. Houston bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: ní apá ayé wa yìí, ìjì ń yí lódìkejì sí ọwọ́ aago. Nítorí náà, lápá ọ̀tún ọ̀nà tó ń gbà, yíyí rẹ̀ àti rírìn rẹ̀ á para pọ̀, ibẹ̀ ló máa ń le jù.

Ipele kìíní péré ló wà nígbà tó wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n iná lọ ní ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Àwọn ilé kan lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ooru oṣù Keje. Lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti lọ tán ni àwọn kan tó kú: ooru pa àwọn kan, éèfín jẹnẹrétọ̀ pa àwọn kan.

RITA ÀTI HARVEY

Ẹni tó bá ti pẹ́ níbí yóò rántí Rita. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, kò tíì pé oṣù kan tí Katrina pa New Orleans run, ni Rita dé ipele karùn-ún nínú Gulf, ìlà sì kọjú sí Galveston. Ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì èèyàn tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Gosiló ọjọ́ yẹn, Ọ̀jọ́ta àti Ọ̀shòdì kò tó o! Ìrìn wákàtí mẹ́rin lọ sí Dallas di odidi ọjọ́ kan. Epo tán lọ́nà. Ooru mú àwọn arúgbó nínú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn àgbàlagbà gbiná nítòsí Dallas, èèyàn 23 kú. Lápapọ̀, àwọn tó kú nínú sísá yẹn lé ní 100. Rita wá yí, ó wọlẹ̀ ní ààlà Texas àti Louisiana ní ọjọ́ 24, ó fi Houston sílẹ̀. Púpọ̀ àwọn tó sá kò gbé níbi tí òkun lè dé. Àwọn tó gbọ́dọ̀ sá gan-an ni wọ́n dí lọ́nà.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni Harvey. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ó wọlẹ̀ nítòsí Rockport, ní ipele kẹrin, jìnnà réré sí Houston. Ọ̀pọ̀ nínú wa wo ìlà, a ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀, àwọn asọtẹ́lẹ̀ ti ń pariwo pé òjò tó ń bọ̀ yóò pọ̀ lọ́nà tó ń dẹ́rù bani. Ìlà la wò, a kò wo òjò. Harvey kò lọ mọ́, ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún fún ọjọ́ mélòó kan. Ní Nederland, òjò tó rọ̀ lé ní ínǹṣì 60. Ó kéré tán, èèyàn 68 ni ìjì náà fúnra rẹ̀ pa ní Texas, omi òjò àti àgbàrá ló sì pa gbogbo wọn àfi mẹ́ta. A máa ń sọ nílé pé omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà ìjì, omi kò lọ́rẹ̀ẹ́.

Ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Rita: ìlà kàn wá, a sá, ìjì kò wá. Harvey: ìlà kò kàn wá, omi kàn wá. Beryl: ìlà kò kàn wá lọ́jọ́rú, ó kàn wá lọ́jọ́ Ajé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlà kọ́ ló yẹ kó sọ fún wa ohun tí a ó ṣe. Ibi tí ilé wa wà ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀.

OHUN TÍ ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Àwọn àgbà ní kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń bójú tó àjálù ni pé omi ni kí a sá fún; afẹ́fẹ́, kí a fara pamọ́ fún un.

Èkíní, ẹ mọ ilé yín. Láti etíkun dé Houston, wọ́n ti pín àdúgbò sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí omi òkun ṣe lè dé ibẹ̀ tó. Ẹ lọ wò ó báyìí tí oòrùn ń ràn. Bí ẹ bá wà nínú ìsọ̀rí tí wọ́n ní kó kúrò, ẹ kúrò lọ́wọ́ kan. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, tí ilé yín lágbára, tí kò sì sí létí bayou tàbí níbi tí omi máa ń dúró sí, ẹ jókòó, kí àwọn tó ní láti lọ lè rí ọ̀nà.

Èkejì, ẹ máa wo máàpù tuntun. Agogo mẹ́rin ìdájí, mẹ́wàá àárọ̀, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́wàá alẹ́ ni ibùdó Miami ń gbé ọ̀rọ̀ tuntun jáde fún wa nígbà ooru. Bí wọ́n bá pe "watch," ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ìjì lè dé láàárín wákàtí 48. Bí wọ́n bá pe "warning," wọ́n ń retí rẹ̀ láàárín wákàtí 36. Nígbà "watch" ni kí ẹ ra epo, kí ẹ gba oògùn àwọn òbí yín, kí ẹ pọn omi. Bó bá di "warning," ó ti pẹ́ láti máa lọ ra nǹkan.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè òjò. Bí ẹ bá rí ìlà, ẹ má pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ dúró gbọ́ iye ínǹṣì tí wọ́n ń retí. Omi ínǹṣì mẹ́fà tó ń sáré lè gbé àgbàlagbà ṣubú, ínǹṣì 12 lè gbé mọ́tò kékeré. Bí omi bá bo ọ̀nà, ẹ ṣẹ́rí padà.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. A mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè kọ́ ọmọ Yorùbá ní jẹnẹrétọ̀ títàn. Ṣùgbọ́n ilé tibí kì í ṣe ilé tọ̀hún. Wíńdò wọn dé pinpin, éèfín kò rí ọ̀nà jáde. Éèfín náà kò ní òórùn, oorun ló fi ń pani. Ẹ má tàn án nínú ilé, ẹ má tàn án nínú gáréèjì bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí. Ìta gbangba ni, kó jìnnà sí wíńdò.

Ẹ̀karùn-ún, inṣọ́ránsì ilé tí gbogbo wa ní kì í sábà san owó ìkún omi. Ọ̀tọ̀ ni ti omi, ó sì sábà máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà ìjì wà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí di 30 oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ìwo bá yọ lórí máàpù ti pẹ́.

Ẹ̀kẹfà, àwọn arúgbó wa àti àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wá láti ilé. Wọn kò mọ ìjì tibí, wọn kò sì fẹ́ dá ẹnikẹ́ni láàmú. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú ilé tí kò ní iná nínú ooru. Ẹ kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tó ní iná tàbí tó gbé ibi gíga sílẹ̀, kí ẹ ti bá wọn sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ sì pe ilé ní kùtùkùtù, nítorí ìròyìn á dé Ìbàdàn kí ìjì tó dé Houston, tẹbí tará á máa sunkún kiri.

IṢẸ́ ÀWỌN ỌMỌ

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ wá máàpù òkun Atlantic kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara firíìjì. Bí wọ́n bá ti sọ ìjì lórúkọ, ẹ fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ibi tó wà ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ìlà tí ẹ máa fà nìyẹn, ìlà ibi tó ti gbà, kì í ṣe ibi tí a rò pé yóò gbà. Bí bàbá tàbí màmá bá ní "Mẹ́síkò ló ń lọ," kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́, máàpù ọjọ́ wo lẹ wò?" Kò sí ẹni tó máa bínú sí yín.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé a ti gbàdúrà, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Àmín o. Ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ kò lè sáré, síbẹ̀ ó yè, nítorí pé ó tètè gbọ́, ó sì tètè gbéra. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì tí kò fetí sílẹ̀ ni ogun ń bá nílé.

Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti ka ìwé yìí kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a fi kún un pé òun ti ra rédíò oníbátìrì, àti pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni òun ń gbọ́ ọ báyìí kí òun tó sùn.

Kí Olódùmarè má jẹ́ ká rí ìjà afẹ́fẹ́, kí omi má gbé wa lọ, kí ilé gbogbo wa dúró. Ká tún pàdé ní ayọ̀.